Mo Mú Kí Kọ̀ǹpútà Bàbá Ọ̀yọ́ Yára Jù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí l'Ọ̀yọ́ fún yín. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà!

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọ̀yọ́, ló ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ rán mónógírámù sí ọrùn agbádá. Kí ẹ̀rọ tó rán an, wọ́n á kọ́kọ́ ya iṣẹ́ náà sójú kọ̀ǹpútà. Sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń yà á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi! Ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti dolóògbé ló kọ ọ́ fún wọn, kò sì ṣiṣẹ́ níbòmíràn àfi lórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tó máa ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta.

Nígbà tí ògbólógbòó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu iṣẹ́, Bàbá pè mí lórí fóònù ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mò ń gbé. Wọ́n ní tó bá kú pátá, ṣọ́ọ̀bù àwọn náà kú nìyẹn. Mo ní kí wọ́n má mikàn. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yọ́, mo gba kóòdù sọ́fútíwíà náà tí olóògbé fi sílẹ̀, mo sì sáré padà wálé láti tún un kọ kó lè ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù òde òní.

Iṣẹ́ ọ̀hún le o! Bọ́tìnnì ò sí níbi tó yẹ, àwọ̀ pupa ń di búlúù, lẹ́tà kéré débi tí n kò fi lè kà á. Ṣùgbọ́n mo ṣe é. Mo tiẹ̀ ṣe àṣejù: iṣẹ́ tí ògbólógbòó yẹn máa ń fa ìlà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fọwọ́ yà á, tèmi gbé gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ni ò ní yangàn?

Mo gbé láptọ́ọ̀pù dé Ọ̀yọ́. Oníbàárà kan wà níbẹ̀, Àlàájì kan tí wọ́n fẹ́ ṣe yìgì ọmọ wọn obìnrin. Bàbá béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́, Bàbá tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ yọ. Àlàájì wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo Bàbá. Wọ́n ní agbádá ta nìyẹn? Bàbá ní tiyín ni. Àlàájì ní rárá o, ìgbà wo lẹ yà á? Wọ́n ní iṣẹ́ ẹlòmíràn tó wà nílẹ̀ la fẹ́ gbé lé àwọn lọ́rùn, àwọn ò sì lè wọ ọrùn agbádá ẹlòmíràn lọ síbi yìgì ọmọ àwọn. Ni wọ́n bá ká aṣọ wọn, wọ́n dìde.

Bàbá yíjú sí mi, wọ́n rọra sọ pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀ńjíníà. Ẹ ti bá mi lé oníbàárà."

Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Bí ìlà bá ṣe ń yọ ni oníbàárà á máa ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n fẹ ibí sí i, kí wọ́n yọ tọ̀hún kúrò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń di tirẹ̀. Èmi ṣe bí ìlọ́ra kọ̀ǹpútà ni!

Mo sáré bá Àlàájì lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Mo ṣí kóòdù, mo dá fífa ìlà díẹ̀díẹ̀ padà, mo sì fi bọ́tìnnì tó ń dá a dúró sí i. Àlàájì jókòó, ojú wọn le. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò pẹ́, wọ́n sún àga mọ́ ọn. Wọ́n ní ká dúró níbẹ̀ yẹn, ká fẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún. Wọ́n tún ní ká yọ òdòdó kan. Nígbà tó parí, wọ́n na aṣọ padà sí Bàbá, wọ́n ní èyí ni tàwọn. Inú mi dùn ju ti bàbá ìyàwó lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ẹ tó tún nǹkan àtijọ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó ń lò ó. Èmi gba kóòdù, mo sá wálé, n ò wo oníbàárà ẹyọ kan. Bàbá wá sọ mí lórúkọ báyìí: Ẹ̀ńjíníà Kíákíá. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á ní kí n rọra sọ̀rọ̀, kí n má tún lé ẹni tó jókòó sọ́dọ̀ àwọn lọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti bá ẹnìkan tún ṣe rí, tó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ dá a padà sí bó ṣe wà? Ẹ sọ ọ́ síbí o, kó má jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.