Iyọ̀ Òyìnbó

Òórùn ẹnu ìyá bàbá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Amoutivé, àdúgbò wa ní Lomé. Kì í ṣe òórùn ẹnu àárọ̀ tí gbogbo wa ní o. Ẹran tó ti ṣe ọjọ́ mẹ́ta nínú ìkòkò ni. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà. Èèrà a máa ṣù bo ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé, eyín wọn ń mì, ọyún sì ń jáde lára erìgì. Mo ti tó ọmọ ogún ọdún nígbà náà, síbẹ̀ mo máa ń gbé àwo oúnjẹ mi sá fún wọn. Ó ń rí mi lára, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ìgbà ìyanṣẹ́lódì ńlá yẹn ni, tí gbogbo Lomé tilẹ̀kùn nítorí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ilé ìwòsàn dákẹ́, bàbá mi sì ti kó àwọn yòókù lọ sí Kùtọnu, ó ku èmi àti ìyá wọn, tí mo ń pè ní Màmá. Nọ́ọ̀sì kan tó múlé tì wá ló wá wo Màmá. Nígbà tó ń jáde, ó sọ fún mi pé, "De l'eau salée, matin et soir," pé omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n máa fi ṣan ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo fi ìka méjì di imú, mo jíṣẹ́ fún Màmá.

"Ṣé iyọ̀ òyìnbó tí ẹ ní n má fẹnu kàn mọ́ yẹn?" Màmá bi mí.

Ṣúgà ni àwọn àgbà ń pè bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ iyọ̀, n kò dúró gbọ́ ìyókù, torí òórùn náà ti bá ọ̀rọ̀ jáde. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n pa ẹnu dé ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, wọ́n ń mu omi bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, wọn kò sì lè dìde. Nọ́ọ̀sì dé, ó rí páálí ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. "Du sucre!" Ó figbe ta, ó ní ta ló rán Màmá nírú iṣẹ́ yẹn. Màmá wò mí.

"Etí mi ni kò gbọ́ dáadáa," ni wọ́n wí. "Nígbà tó sì dùn, mo ń gbé e mì."

Ọmọlanke la fi tì wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tó ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n yọ eyín márùn-ún. Màmá yè é, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi kú, wọn kò sọ fún bàbá mi.

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ni o, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá ló wú. Ìka méjì tí mo fi di imú yẹn ló ń rí mi lára títí dòní.