Dinah àti Òrùlé Géètì Yunifásítì

Ní Ìlá Ọ̀ràngún níbí, bí wọ́n bá ní ẹnì kan borí nínú ìdíje, ẹ̀rín la máa ń retí lẹ́nu rẹ̀. Ti Dinah Ọláyọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo sì jókòó sí nígbà tí ìròyìn náà wọ orí fóònù rẹ̀. Bó ṣe kà á tán ló da ojú fóònù náà délẹ̀ sórí itan rẹ̀.

"Tèmi ni wọ́n mú," ó wí. "Wọ́n á kọ́ ọ lóòótọ́ nìyẹn."

Ayàwòrán ilé ni Dinah. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó padà wálé wá tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù. Nílé, ilé kéékèèké ló ń yà fún àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ káńsù. Àfìgbà tí yunifásítì tuntun tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀tan Ayégbajú kéde ìdíje, pé kí ẹni tó bá mọ ilé yà wá ya bí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé àwọn yóò ṣe rí. Àwa la tì í tì í tó fi gbé tirẹ̀ lọ. Òrùlé kọnkéré gbàgàdà kan ló yà, tó yọ láti ara ògiri tó nípọn, tó nà bo ojú ọ̀nà láìsí òpó kankan létí rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń dúró de ọ̀kadà lè rí ibi sá sí bí òjò bá dé.

Àwọn adájọ́ ìdíje bi í léèrè ohun tí yóò di òrùlé náà mú. Ó ní irin inú rẹ̀ ni, àti ìwúwo ògiri tí yóò máa fà á sẹ́yìn. Wọ́n mirí, ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Òun gan-an ni kò tẹ́ lọ́rùn. Ó gbé ìṣirò rẹ̀ lọ bá ẹnjiníà kan ní Òṣogbo, onítọ̀hún ní kò sí àbùkù nínú rẹ̀, síbẹ̀ oorun kò kùn ún. Nígbà tó wà n'Ìbàdàn, ó ti rí dẹ́kìn kọnkéré kan tó wó lu àwọn bíríkìlà. Kì í ṣe òun ló ya ilé náà, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé títí dòní, bí òun bá gbóòórùn sìmẹ́ǹtì tútù, òun máa ń wo òkè orí òun.

Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe kan tó ń jẹ́ Ẹnjiníà Ọlájídé. Òjò dá iṣẹ́ dúró, kò jẹ́ kí wọ́n tètè da kọnkéré òrùlé náà. Nígbà tí wọ́n máa fi dà á, ayẹyẹ ìgbàwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí ayẹyẹ náà ku ọ̀la, Dinah gun ọ̀kadà débẹ̀, ó bá àwọn káfíńtà níbi tí wọ́n ti ń tú àwọn igi tó gbé òrùlé náà dúró.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ tú u?"

"Ẹnjiníà ni, mà," Ògúntóyìn, olórí àwọn káfíńtà, dáhùn.

Ọlájídé fúnra rẹ̀ jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀. "Màdámù, ẹ fọkàn balẹ̀. Kọnkéré ti gan. Kọmíṣánnà ń bọ̀ lọ́la, a ò lè fi igi jágbajàgba pàdé àlejò."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò tíì gbó tó. Òjò ń rọ̀ lé e lórí láti ọjọ́ yìí."

"Ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ẹ̀yin káfíńtà!"

Dinah sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bíi kóun padà sílé ló ń ṣe òun. Ṣùgbọ́n ó rìn lọ sábẹ́ òrùlé náà, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan.

"Ẹ máa tú u," ó wí.

Igi kan tí wọ́n ti tú sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ yọ̀, ó ṣubú gbàà. Iyanrìn dà sórí gèlè rẹ̀. Ó figbe ta, ó fọwọ́ bo orí. Iyanrìn lásán ni, kò dìde. Ògúntóyìn ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ò lè tú igi lórí ọmọ ọlọ́mọ."

Ọlájídé fìbínú pe gíwá yunifásítì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéwùmí. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà dé, ó dúró létí òrùlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo Dinah.

"Dinah, ṣé ó dá ọ lójú pé á wó ni?"

"Rárá, mà. Kò dá mi lójú pé á wó. Pé kò ní í wó gan-an ni kò dá mi lójú."

Gíwá gbójú sókè, ó wá rọra fẹsẹ̀ fà sẹ́yìn. "Ẹ fi igi yẹn sílẹ̀," ó wí.

Lọ́jọ́ kejì, aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi wé àwọn igi náà. Inú àlejò kò dùn, inú gíwá náà kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, Ọlájídé kò sì dáhùn ìkíni Dinah. Láàárín ìlú, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ń bà á lẹ́rù. Ó gbọ́ ọ.

Nígbà tí kọnkéré náà gbó tán, wọ́n tú igi náà láti etí òrùlé wá sí ìdí ògiri. Èmi ni mo tẹ̀ lé Dinah lọ lọ́jọ́ náà. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí. Igi tó kẹ́yìn kúrò, a gbọ́ ìró kan báyìí, bí ẹni ṣẹ́ ìka, kò sì sí nǹkan mìíràn. Òrùlé dúró.

Ọlájídé rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Ì bá dúró lọ́jọ́ yẹn náà."

"Ó ṣeé ṣe, sà," Dinah wí.

Lóòótọ́, ó ṣeé ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Yunifásítì kò tíì gbé iṣẹ́ mìíràn fún un láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ilé ìwé kan ní Ire ti ní kó bá àwọn ya gbọ̀ngàn. Mo bi í bóyá ẹ̀rù náà ti lọ. Ó ní kò lọ, àmọ́ òun ti ń rí oorun sùn díẹ̀díẹ̀, òun sì ti sọ fún agbaṣẹ́ṣe Ire pé kò gbọdọ̀ tú igi kankan lẹ́yìn òun.