Alángbá Orí Àpótí

Òórùn igi ọmọ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ohunkóhun mìíràn nípa ọdún tí mo lò ní Mòníyà. Mo ti parí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà, ọlọ́dún mẹ́ta tí à ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà náà. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà ìjọ, ṣì ń wá ọ̀nà tí n ó fi tẹ̀síwájú. Kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ káfíńtà kan lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ọ̀gá mi kì í kan ilẹ̀kùn tàbí bẹ́ǹṣì. Àpótí ni iṣẹ́ wọn: àpótí aṣọ ìyàwó, àpótí ohun ọ̀ṣọ́, gbogbo èyí tí a ń fín ọnà sí lára. Kí àpótí kan tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn a jókòó lé e, wọn a mi ìdí sọ́tùn-ún sósì, wọn a sì tẹ́tí. Bí pákó bá ké, a ó tú u. Èyí tí mo kọ́kọ́ kàn ké. Èkejì náà ké.

“Gbọ́ bó ṣe ń sunkún,” ọ̀gá mi wí, “àfi bí ìyàwó tí wọn ò fún lọ́bẹ̀.”

Mo rò pé àṣejù ni. Ta ní ń jókòó lé àpótí tí a fín?

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé abúlé oko kan ní apá Lágelú. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé títí mo fi tó ẹni tí ń lọ sílé-ìwé. Wọn kì í yin ènìyàn. Bí ọbẹ̀ bá dùn, wọn a ní ó ṣeé jẹ. Bí mo bá gba ipò kìíní, wọn a ní kò burú. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò ìyá mi obìnrin yà sí ṣọ́ọ̀bù wa, tí wọ́n sì jíṣẹ́ pé, “Ìyá ní kó o kan àpótí kan fún àwọn o,” inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pinnu pé lórí àpótí yìí, wọn yóò sọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí: ó dára.

Igi ọmọ ni mo lò, nítorí ó rọ̀ fún ọ̀bẹ. Ọ̀gá mi jókòó lé e kí n tó fín in. Kò ké. Mo wá fín ewé kòkó yí etí ọmọrí rẹ̀ ká. Ní àárín gbùngbùn mo fín alángbá kan tó gbé orí sókè, nítorí alángbá ni mo máa ń lé kiri àgbàlá ìyá àgbà ní kékeré. Ọ̀gá mi gbé ọmọrí náà sí oòrùn.

“Kí rèé?”

“Alángbá ni, ọ̀gá.”

“Ọ̀nì tí ebi ń pa ni mo rí. Ìrù rẹ̀ sì gùn jù.” Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ orí rẹ̀. “Orí yìí ga jù. Fá a wálẹ̀.”

N kò fá a. Àwọn àgbà ní alángbá tó já láti orí ìrókò ní bí ẹnikẹ́ni ò bá yin òun, òun yóò yin ara òun. N kò mọ̀ pé ara mi ni mo fín síbẹ̀.

Mo gbé e dé abúlé ní ọ̀sán Sátidé kan. Ìyá àgbà lóṣòó sídìí ààrò. Ohun tí wọ́n máa ń jókòó lé níbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Wọ́n gba àpótí lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n kó ìró wọn jọ, wọ́n sì jókòó lé alángbá mi lórí.

“Yéè!” Wọ́n fò dìde. “Ọkọ mi, kí lo fi sórí àpótí? Ó ń gún mi nídìí!”

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, àpótí ni ohun tó ní ọmọrí. Nídìí ààrò ìyá àgbà, àpótí ni ohun tí ènìyàn ń jókòó lé. Kì í ṣe pé n kò mọ èkejì. Orí rẹ̀ ni mo ti jẹun dàgbà. Ìyìn tí mò ń wá ló yan ọ̀kan fún mi.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e padà lọ fá alángbá náà kúrò. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ká ìborùn wọn lé e, wọ́n tún jókòó, wọ́n mi ìdí díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ti máa ń ṣe. Pákó náà kò ké.

“Fi í sílẹ̀,” ni wọ́n wí. “A ó mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ kúrò níbí nínú èmi àti òun.”

Mo dúró, mò ń retí ọ̀rọ̀ kan sí i. Wọ́n ní kí n lọ pọn omi wá.

Kò pẹ́ sí i ni mo padà sẹ́nu ìwé, ìwé sì gbé mi jìnnà. Ìyá àgbà sinmi ní ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní yunifásítì. Nílé òkú, àbúrò ìyá mi sọ fún mi pé ìyá kì í jẹ́ kí àlejò kankan fìdí kan àpótí náà. Wọn a ní, “Ẹ wá ibòmíràn jókòó sí o, alángbá ọkọ mi nìyẹn.” Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnu ènìyàn máa ń dùn nílé òkú, n kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni àpótí náà fúnra rẹ̀, tó wà nínú yàrá mi báyìí. Ewé kòkó etí ọmọrí náà ṣì mú ṣáṣá bí ọ̀bẹ mi ti fi wọ́n sílẹ̀. Ní àárín, orí alángbá ti lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ, ojú ibẹ̀ dán bí ẹ̀rú ọkọ́ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Wọn kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀ rí. Bí mo bá ṣí i, òórùn igi ọmọ tútù ló ń jáde, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò ní Mòníyà. N kì í ṣí i lemọ́lemọ́, kí òórùn náà má baà tán.

Mo kàn máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀ ni. Ìrù tí ọ̀gá mi ní ó gùn jù ṣì wà, díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò tíì kúrò tán, ìyá àgbà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dìde.