Mẹ́jọ Tí Àǹtí Rosilda Ń Kọ Sórí Yìnyín

Ní ìlú kékeré Sainte-Lydwine, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ Àǹtí Rosilda Vaillancourt tí kò ní kọ́kọ́ dárúkọ òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dùbúlẹ̀ síwájú ọkọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ojú títì o. Ọkọ̀ gàgàrà tó máa ń ha ojú yìnyín nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré lórí rẹ̀ ni, tó máa ń da omi gbígbóná lé e kó lè dán. Gaétan ló ń wà á. Aago méje ti lù, àwọn ọmọ tó ń fi igi gbá họ́kì lórí yìnyín ti ń fi igi wọn gbá ilẹ̀kùn, Gaétan sì ti tan ọkọ̀, ló bá rí ìyá àgbà kan láàárín yìnyín, ó nà gbalaja, ó fi fìlà rọrí.

Gaétan sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó rò pé wọ́n ti kú ni.

"Àǹtí, ṣé kò sí o?"

"Mẹ́jọ mi ló wà lẹ́yìn mi yìí," ni Àǹtí wí, ojú wọn ṣì wà lókè. "Ìwọ lo pa tàná rẹ́. O ò ní pa tòní rẹ́ kí ẹnìkan tó wò ó."

Ohun tí wọ́n ń pè ní mẹ́jọ náà kò le yé èèyàn. Wọ́n á wọ bàtà onírin, wọ́n á dúró lẹ́sẹ̀ kan, wọ́n á rọra yọ̀ yípo títí wọ́n á fi padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀ ẹsẹ̀, wọ́n á yípo lódìkejì. Irin á ti kọ mẹ́jọ, òbírí méjì tó so pọ̀, sórí yìnyín nìyẹn. Wọ́n á wá tún gba orí ìlà yẹn lọ, wọ́n á tún un gbà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ dáadáa, ìlà kan ṣoṣo ni yóò hàn. Láyé ìgbà kan, òun ni wọ́n fi ń mọ ọ̀gá nínú eré náà, àwọn adájọ́ á kúnlẹ̀, wọ́n á fi imú kan yìnyín láti wò ó. Nígbà tó yá, àwọn àgbààgbà eré náà ní oorun ló ń kun àwọn tó ń wò ó, ni wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. Gbogbo èèyàn sì pa á tì. Àǹtí Rosilda ní wọn ò bi òun kí wọ́n tó yọ ọ́.

Bí Gaétan ṣe kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn, tí omi ń wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní ó dára.

"Níbo ló ti dára?" Àǹtí dìde jókòó. "Wo ibí. Ó ya mẹ́ta bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ojú rẹ ń ṣe kí ni?"

Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin pé Gaétan gbọ́dọ̀ wo mẹ́jọ yẹn kó tó pa á rẹ́. Àǹtí ṣàlàyé fún un, bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọbìnrin ni wọ́n ti ń lé mẹ́jọ onílà kan yìí, wọn ò tíì rí i mú. Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó kú. Àmọ́ yìnyín kì í tọ́jú nǹkan fúnni, nítorí náà ojú èèyàn kan gbọ́dọ̀ rí i. Gaétan sì ni ẹni ìkẹyìn tó máa ń rí gbogbo nǹkan tó bá wà níbẹ̀.

Normand, kóòṣì họ́kì, ti ń ṣojúkòkòrò sí wákàtí àárọ̀ Àǹtí tipẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ìlú, ó ní ìyá àgbà kan ò lè máa dá gba gbogbo yìnyín nígbà tí ọmọ rẹpẹtẹ ń dúró síta. Àǹtí wá sí ìpàdé, bàtà onírin kọ́ lọ́rùn wọn. Wọn ò bá a jiyàn.

"Normand, kọ òdo kan fún mi," ni wọ́n wí. "Òdo lásán. Tó o bá parí ẹ̀ síbi tó o ti bẹ̀rẹ̀, gba wákàtí náà."

Ni gbogbo ìpàdé bá rọ́ lọ sí gbọ̀ngàn yìnyín. Ẹ rántí pé kò sẹ́ni tó lè sáré ju Normand lọ lórí yìnyín ní gbogbo agbègbè yẹn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó yọ̀ lọ. Ó yẹ kó yí, kò yí. Ara ògiri ló bá ara rẹ̀. Àǹtí tẹ̀ lé ìlà tó kọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí dé ìdí rẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀nà tààrà lọ sí Montréal nìyí." Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ wákàtí náà mọ́.

Ohunkóhun tó bá rí róbótó, Àǹtí á fojú wọ̀n ọ́n. Wọ́n ti dá àkàrà òyìnbó padà fún ẹni tó dín in nítorí pé etí kan wọlé. Rárá, mo ṣì í sọ, ẹni tó yan án ni. Inú ààrò ló ti jáde. Nígbà tí olórí ìlú ṣí oríta róbótó tuntun, Àǹtí rìn yí i ká pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n ní ó yọ ikùn sí ọ̀dọ̀ ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Olórí ìlú rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìrì dídì kọ́kọ́ bọ́, ọkọ̀ tó ń kó o gun ikùn náà, ó sì wà níbẹ̀ di ọ̀sán. Àǹtí ra búrẹ́dì, wọ́n kí awakọ̀, wọ́n bá tiwọn lọ.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń fò sókè lórí yìnyín, tí wọ́n ń yí bírí kí wọ́n tó balẹ̀, ò rójú rere wọn. "Ẹni tó já láti orí òrùlé náà fò," ni wọ́n máa ń wí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá ní sùúrù, wọ́n á dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n á ní kó ká orúnkún, kó pa ẹnu dé, kó fetí sí irin. Tí irin bá ń kùn jẹ́jẹ́, ó wà lójú ọ̀nà. Tó bá ń họ, ó ti ṣìnà. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn nílé. Lórí yìnyín, wọ́n á gbé ọ̀pá ti ògiri, wọ́n á sì máa lọ bí ẹni tí eegun kò dùn rí. Wọ́n ní ibẹ̀ nìkan ni ara àwọn ò ti mọ ọjọ́ orí àwọn. Gaétan máa ń tètè dé nítorí kó lè wo ìyẹn.

Ọdún ń gorí ọdún, ojú Gaétan wá mú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú òtútù, èémí Àǹtí ò já gaara mọ́, wọ́n kọ tiwọn tán, wọ́n fara ti ògiri. Gaétan kúnlẹ̀. Òbírí àkọ́kọ́, ìlà kan. Ó fi orúnkún rìn dé ìkejì, ìlà kan náà. Ó wá dé àárín, níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹsẹ̀, ó sì rí i: ó ya, bí òwú ìránṣọ. Kò sí ẹlòmíràn tí ì bá rí i. Ó gbójú sókè, Àǹtí ń wò ó.

"Ibí yìí, Àǹtí," ni Gaétan wí. "Ó ya díẹ̀."

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. "Òótọ́ ni. Ó ya." Wọ́n gbá fìlà rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ó dọ̀la."

Gaétan pa á rẹ́. Àǹtí sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò jí.

Ọ̀rọ̀ tí Gaétan sọ láàárọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Kí ló máa ná an tó bá dákẹ́? Níbi ìsìnkú, Normand sunkún ju àwọn ẹbí lọ, ṣùgbọ́n Gaétan ò lè sunkún. Nígbà tí wọ́n ń jẹun lẹ́yìn rẹ̀, Alma, àbúrò Àǹtí tí wọ́n jọ ń gbé, wá jókòó tì í.

"Ẹ má bínú, Àǹtí Alma," ló wí. "Ó yẹ kí n ti sọ fún wọn pé ó pé."

Alma gbé ife sílẹ̀. "Kí lo fẹ́ parọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi sí? Wọn ò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n ti ń pariwo, 'Alma, ibì kan péré ló kù! Gaétan ló sọ ọ́!' Wọ́n jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà, wọ́n tún bù sí i. Wọ́n kọrin títí mo fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sùn. Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ awakọ̀ lásán ni wọ́n ń yọ̀ sí báyìí. Wọ́n ní láti ìgbà táwọn adájọ́ ti lọ, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó mọ̀ ọ́n wò."

Ìgbà yẹn ni omijé Gaétan tó wá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tún ṣí gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìnkú, Gaétan wọ bàtà họ́kì rẹ̀ ní wákàtí Àǹtí, ó lọ sí àárín yìnyín, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó kọ mẹ́jọ. Ó jọ ọ̀dùnkún méjì tó ń jà. Kò tíì gbórí sókè tí Normand fi wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Níbo ló ti ya?" ni Normand bèèrè.

"Ibi gbogbo."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Normand fi ń nu ojú. Síbẹ̀, orúnkún ni àwọn méjèèjì fi wò ó yí ká, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfo ibì kan. Ìgbà tí wọ́n wò ó tán ni Gaétan tó lọ tan ọkọ̀.