Itan Àgbọ̀nrín ní Ẹnubodè Ọgbà Ẹranko

Òórùn èéfín ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa rìnrìn-àjò náà. Kì í ṣe èéfín igi lásán. Èéfín tó ti bá ẹran gbé pẹ́ ni, tó ti wọ̀ ọ́ dé egungun. Ẹni tó bá dàgbà ní Igbódìgò nígbà tiwa kò ní gbàgbé rẹ̀. Lórí àjà tó wà lókè ààrò ìyá mi ni púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe ti ń gbẹ, ibẹ̀ náà ni itan àgbọ̀nrín kan wà, ó dúdú, ó sì le bí igi. Bàbá mi ló pa ẹran náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé itan náà sọ̀ kalẹ̀ kó tó lọ sóko.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Mo wà ní ilé-ìwé girama ní Òkìtìpupa, tíṣà tó ń kọ́ wa ní jọ́gíráfì sì ti gba àyè fún kíláàsì wa láti lọ wo ọgbà ẹranko ìjọba, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí igbó ti tán tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni tíṣà yìí, kì í fi nǹkan falẹ̀. "Ẹ má wọ funfun, ẹ má wọ pupa. Aṣọ tó jọ ewé gbígbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn nítorí kòkòrò. Ẹ má fi páúdà olóòórùn para, torí ẹranko á ti gbọ́ òórùn yín kẹ́ ẹ tó rí i." Ó tún ń fún wa ní oògùn ibà kan tó korò bí ewúro. Bí a bá ti gbé e mì, á ní, "La ẹnu!" Á sì wo abẹ́ ahọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, kó má baà jẹ́ pé a fi í pa mọ́.

Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni ìyá mi. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ, ó ní, "Funfun ni kò dára? Ṣé àwọn ẹranko yẹn kò mọ Ọlọ́run ni?" Síbẹ̀ ó gbàdúrà sínú omi ìgò kan, ó fi sínú àpò mi.

Tíṣà kò sọ ohunkóhun nípa ẹran. Kò sì sí ẹni tó bi í. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kì í lọ sọ́nà jíjìn láìmú ẹran tí ìbọn bàbá rẹ̀ pa dání. Bí bàbá kì í bá ṣe ọdẹ, á rà á lọ́wọ́ ọdẹ. Ìre baba ni. Bàbá mi fi ewé we itan náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Èéfín ilé baba kì í jẹ́ kí ọmọ sọnù," ó wí. Ó máa ń sọ ọ́ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń lọ sí ìdálẹ̀. Mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe gba Bíbélì gbọ́.

Ọ̀nà jìn. Igbó ń fúyẹ́, ilẹ̀ ń gbẹ, eruku sọ gbogbo wa di arúgbó nínú lọ́rì. A sùn lọ́nà. Nígbà tí a dé ẹnubodè ọgbà náà lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde wá, ọkùnrin gíga kan, ará Òkè-Ògùn, ìbọn ní èjìká. Bó ṣe fẹ́ kí tíṣà káàbọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fín imú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Ó tú àpò mi, ó gbé itan náà sókè bí ẹni gbé ejò.

"Ẹran kí nìyí?"

"Àgbọ̀nrín ni, sà."

"Níbo lo ti rí i?"

"Bàbá mi ló pa á, sà. Lẹ́yìnkùlé wa."

Ó yíjú sí tíṣà. "Ẹ wá wo ẹranko, ẹ sì di òkú ẹbí wọn sápò! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni?"

Òógùn bo tíṣà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ kan yìí náà ni."

"Ẹ tú gbogbo àpò!"

Ọ̀rọ̀ di ìyanu. Ọmọ ìlú Ìyànsàn tó jókòó tì mí gbé odindi ọ̀yà jáde tòun teyín. Ọmọbìnrin kan láti Àkótógbò mú ìrù ọ̀nì gbígbẹ wá, ó ń sunkún. Ẹtu, ọ̀kẹ́rẹ́, kò sí àpò tí kò bímọ. Ẹ̀ṣọ́ wá ṣí agbọ̀n oúnjẹ tíṣà. Lábẹ́ ìrẹsì ni ẹsẹ̀ ẹtu méjì ká jọ sí.

"Ìyá onílé mi ló dì í," ni tíṣà ń wí. "Mi ò tú u wò."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn lọ́rì: "Sà, ẹ la ẹnu, ká wo abẹ́ ahọ́n yín!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ní ká dáná sun gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á fa gbogbo wa lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Wọ́n da kẹrosíìnì sórí igi. Wọ́n dá tèmi padà fún mi, oníkálukú sì ju tirẹ̀ síbẹ̀. Èmi nìkan ni n kò ju tèmi.

"Jù ú síbẹ̀, jàre!" ni wọ́n ń pariwo mọ́ mi. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tì wá mọ́lé nítorí ẹnu ẹ ni?"

Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo lè ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà láìwòwé, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé bí mo bá sun itan yẹn, n kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ náà lóṣòó síwájú mi. Mo sọ ohun tí bàbá mi wí fún un. Ó na ọwọ́ sí iná náà.

"Èéfín ni bàbá ẹ wí, àbí? Kò pe ẹran. Jù ú síbẹ̀, kó o lọ dúró síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí."

Mo jù ú síná. Mo dúró nínú èéfín náà títí omijé fi bò mí lójú, òórùn ilé ìdáná ìyá mi sì gba gbogbo ẹnubodè náà kan.

Lẹ́yìn náà ni a wọlé. Nígbà tí a dé etí odò, àgbọ̀nrín kan jáde láàárín koríko. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń jẹ ẹ́, n kò rí èyí tí ojú rẹ̀ là rí. Ojú náà tóbi, ó tutù, èmi ló ń wò. Ó gbé imú sókè. Lójijì ó fò, ó sì lọ. Àwọn yòókù ń dá ọ̀fun tíṣà lẹ́bi, pé ó wúkọ́. Èmi mọ òórùn tó gbọ́.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí ààyè, ẹ ò pa á! Ẹ rí òkú, ẹ sun ún, ẹ ò jẹ ẹ́! Irú ayé wo lẹ lọ?" Bàbá mi kàn wò mí. "O ṣáà padà wálé," ó ní.

Mo dé yunifásítì, mo kàwé, mo fi ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà rẹ́rìn-ín títí, ọmọ tó rò pé èéfín ló ń mú èèyàn dé ilé. Mo gbé ìlú ńláńlá, n kò sọnù rí. Ọdún Kérésì tó kọjá ni mo lọ sí Igbódìgò. Ilé ìdáná ti wó. Ẹ̀yìnkùlé tí àgbọ̀nrín ti kú sí ti di ilé àti ògiri. Ọmọ-ọmọ mi fi àwòrán àgbọ̀nrín kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀, ó bi mí bóyá mo ti rí irú rẹ̀ rí. Ojú ẹran náà là.

Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo dúró, mo gbé imú sókè bíi ti ẹran ọjọ́ yẹn. N kò gbọ́ òórùn kankan. Bí kì í bá ṣe pé ọmọ náà pè mí wọlé, ǹ bá má mọ̀ pé ilé bàbá mi ni mo wà.