Arìnjìnnà àti Táyà Ẹ̀yìn

Bí mo bá rí ọṣẹ tó ń hó nínú abọ́, àbúrò ọkọ mi ni mo máa ń rántí. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà Arìnjìnnà ni mo ń pè é. Ẹ má pe alùpùpù rẹ̀ ní ọ̀kadà o. Kò fi gbé èrò rí. Ìrìnàjò ló ń fi í lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tún un ṣe. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó máa rìn jìnnà, òun ni kó so okùn bàtà ara rẹ̀."

Nígbà tó ṣubú ní balùwẹ̀, apá rẹ̀ kán. Ó jinná, ṣùgbọ́n ẹbí ní kó ta alùpùpù náà. Ó ní, "Bí mi ò bá lè pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn fúnra mi, kí ẹ tà á."

Lójú gbogbo wa ní Ọ̀bà-Ilé, ó yọ táyà ẹ̀yìn àtijọ́, ó fi irin tẹ tuntun títí, kò wọ rímù.

Ọkọ mi ní, "Àbúrò, jẹ́ ká pe fọkanáísà."

Mo bi í léèrè pé, "Arìnjìnnà, ṣé ẹ sá a sóòrùn bí ẹ ṣe máa ń ṣe?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin tí ẹ pé lé mi lórí ni mo ń kánjú fún!"

Ó sá táyà náà títí ó fi rọ̀, ó fi ọṣẹ pa etí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lé e. Táyà náà wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà àtijọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó dé akoto alùpùpù rẹ̀, ó na ìkejì sí mi: "Ìyàwó wa, Oǹdó yá!"

Mo tú gèlè mi, mo dé akoto náà.