Ìṣísẹ̀ Láti Ẹnu Ọ̀nà Dé Etí Òkun

Ní ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi ń sá ìwé àdéhùn àwọn ayálégbé wa sóòrùn, torí pé omi ti wọlé. Kì í jẹ́ kí ayálégbé kankan fọwọ́ síwèé, àfi bí òun àti onítọ̀hún bá kọ́kọ́ jọ fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé etí òkun. Iye ìṣísẹ̀ náà ni yóò kọ sínú ìwé.

“Ìyá onílé, ẹ̀ ń dẹ́rù bà mí o,” ni òṣìṣẹ́ epo kan tó fẹ́ gbalé wí nígbà kan.

“Ilé ni mo fi ń háyà, ọ̀gá. Òkun kò sí níkàáwọ́ mi.”

Mo dúpẹ́ pé irú rẹ̀ ló kọ́ mi. Lóṣù kejì lẹ́yìn tó ṣaláìsí, òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ilé náà. Mo dá ìwé kọ fún ìgbà àkọ́kọ́, sí olùkọ́ tó ń gbé níbẹ̀, pé kó kó jáde. Kí ó tó kà á tán, mo ti ń bá a gbé ẹrù sínú ọkọ̀.